Ihò Tó Ń Mí

"Ihò kì í ṣe nǹkan kan," Téèpù wí. "Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, Bùọ̀dá. Ilẹ̀, nǹkan ni. Kọnkéré, nǹkan ni. Ihò tó wà láàárín wọn, òfìfo ni. Ẹ ò lè gbé e, ẹ ò lè tà á, ẹ ò lè tì í mọ́ inú àpótí."

"Tí kì í bá ṣe nǹkan kan, kí ni mo ti ń gbẹ́ láti èṣí?"

"Ilẹ̀ lẹ̀ ń gbẹ́. Ẹ ń kó ilẹ̀ kúrò lọ́nà ni. Ihò kàn dúró, ó ń wò yín."

Rìbìtì gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. "Ihò ń wò mí. Ṣó o gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ara ẹ? Nǹkan tí kì í ṣe nǹkan kan, ojú wo ló wá fi ń wo èèyàn?"

"Àfiwé ni, Bùọ̀dá."

"Má fi mí wé ihò."

Inú àgọ́ páànù tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n jókòó sí, lórí bẹ́ǹṣì kan náà, bàtà òjò lẹ́sẹ̀, akoto lórúnkún. Láti ìgbà tí wọ́n ti jọ jáde nílé ni wọ́n ti wà lẹ́nu ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Baba Pọ́ǹpù, arúgbó tó ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń fa omi, wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọn iyanrìn inú bàtà rẹ̀ dànù.

"Imú yín ńkọ́?" ó béèrè, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ihò méjì-méjì ló wà níbẹ̀. Ẹ fi òwú dí i, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi bóyá kì í ṣe nǹkan kan."

"Baba ti dájọ́," Rìbìtì wí.

"Baba fẹ́ pa wá ni. Ìyẹn kì í ṣe ìdájọ́."

Rìbìtì ni olórí àwọn tó ń to òrùka. Kì í ṣe òrùka ọwọ́ o. Òrùka kọnkéré ni, èyí tí ọkọ̀ akẹ́rù lè gba inú ẹ̀ kọjá láìfara kan ibì kankan. Bí wọ́n bá ti gbẹ́ ilẹ̀ síwájú díẹ̀, wọn a gbé ègé kọnkéré wá, wọn a fi bóòtù onírin so wọ́n mọ́ra títí wọ́n á fi di òrùka kan, wọn a tún to òmíràn tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni ihò ṣe ń di ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀. Ọ̀nà méjì lorúkọ Rìbìtì gbà wá. Àkọ́kọ́, bí Ọlọ́run ṣe dá a: orí rìbìtì, ikùn rìbìtì, àtẹ́lẹwọ́ pàápàá rìbìtì. Èkejì, bó ṣe máa ń fọ́nnu. Ẹni tó bá bi í léèrè iṣẹ́, ohun kan náà ló máa fi dáhùn: "Òrùka mi? Rìbìtì ni. Ẹ lọ wò ó."

Téèpù ni àbúrò ìyàwó rẹ̀. Iṣẹ́ wíwọ̀n ló kọ́, téèpù rẹ̀ kì í sì í kúrò ní ìbàdí. Lọ́jọ́ tí Rìbìtì ń gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níyàwó, ó wọn ọkọ ìyàwó lójú gbogbo èèyàn, ó ní ó ku díẹ̀ kí ìbú lé òòró bá. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń bá ara wọn jà, ìjà tí kì í dun ẹnì kankan, bí ìjà àwọn tó ń jẹun nínú abọ́ kan.

Ilẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́ yìí, ilẹ̀ tó ti mu omi yó ni. Odò ńlá ń ṣàn lókè orí wọn, gbogbo iyanrìn abẹ́ rẹ̀ sì rẹ bíi búrẹ́dì tó já sínú tíì. Kí iṣẹ́ tó lè ṣeé ṣe, wọ́n ti ri páìpù mọ́lẹ̀ jìnnàjìnnà káàkiri, pọ́ǹpù Baba sì ń fa omi inú ilẹ̀ dànù tọ̀sán-tòru. Bí omi bá ti fà, iyanrìn á le, á wá di òrùka mú gírígírí bí ìyá tó gbá ọmọ mọ́ra nínú èrò.

Síbẹ̀, òrùka kì í dúró gbagidi. Bí odò bá kún, òrùka á fún pọ̀ díẹ̀, ohun tí ojú lásán ò lè rí. Bí odò bá fà, á tún tú ara sílẹ̀. Rìbìtì ló kọ́kọ́ sọ ọ́ pé ihò àwọn ń mí bí èèyàn. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Nígbà tó yá, ó di bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Láràárọ̀, Téèpù á wọlé lọ wọn òrùka, láti òkè dé ìsàlẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Rìbìtì á pè é lórí fóònù onówáyà tó gba inú ihò lọ, á ní, "Ṣé ó ń mí?" Téèpù á ní, "Ó ń mí." Ó parí. Gbogbo èèyàn lè wọlé.

Lọ́jọ́ yìí, òrùka ti tò láti etí odò kan dé ìkejì. Àṣẹ ti dé látọ̀dọ̀ ẹnjiníà pé kí wọ́n pa pọ́ǹpù, kí omi padà sáyè rẹ̀. Nígbà tí Baba Pọ́ǹpù jáde, Téèpù sún mọ́ ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Bùọ̀dá, àwọn òrùka àárín ti ń di ẹyin."

"Di kí ni?"

"Ẹyin. Ẹyin tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀. Òkè ń wálẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ń jáde. Kò tíì pọ̀, àmọ́ ojoojúmọ́ ni. Mo fi òòlù kan ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó dún bíi garawa òfìfo. Sìmẹ́ǹtì tá a fún sẹ́yìn ẹ̀ ò dé ibẹ̀."

"Èmi ni mo to òrùka yẹn," Rìbìtì wí. "Èmi tó ò ń wò yìí. Mi ò yé ẹyin rí."

"Mi ò ní ẹ̀ ń yé ẹyin. Bí omi bá ti gbogbo ẹ̀gbẹ́ fún nǹkan tó rí rìbìtì, kò ní í ṣe é ní nǹkan kan. Tí odindi ìlú bá dì mọ́ yín lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò ní ríbi ṣubú sí. Ìnira tó bá kárí kì í pani. Àmọ́ èyí ò kárí. Òkè ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbẹ́ ò sì rí nǹkan fara tì. Tí omi bá padà wá rọ iyanrìn yẹn, ibi tó ti ń tẹ̀ náà ló máa tẹ̀ sí títí á fi dá. Ẹ jẹ́ ká bẹ ẹnjiníà kó dúró, ká fún sìmẹ́ǹtì sẹ́yìn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Rìbìtì wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Gbogbo ọdún tó ti fi ṣiṣẹ́, wọn ò tíì tú òrùka rẹ̀ wò rí.

"Kí n lọ sọ fún ẹnjiníà pé òrùka Rìbìtì ti tẹ̀? Kí n máa jẹ́ kí ni lẹ́yìn ìyẹn? Pẹlẹbẹ?"

Téèpù fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ẹ má pa pọ́ǹpù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ máa pa á lọ́kọ̀ọ̀kan. Màá wà nínú ẹ̀, màá máa wọ̀n ọ́n bí omi ṣe ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti pa ọ̀kan, ẹ pè mí. Tó bá ti burú, màá wí, kí Baba tan gbogbo ẹ̀ padà."

"Ìyẹn ò le," Rìbìtì wí. Ó gbá a lẹ́jìká. "Ẹlẹ́yin."

Kò gbàgbé ẹni tí Téèpù jẹ́. Nínú gbogbo ọmọ ìyá ìyàwó rẹ̀, òun nìkan ló kù. Lọ́jọ́ tí Rìbìtì mú un wọ iṣẹ́ náà, ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́bàá sítóòfù, ó ń ro nǹkan nínú ìkòkò, ó sì sọ ọ́ láìwẹ̀yìn: "Bàbá wọn, ọwọ́ yín ni mo fi í sí o." Rìbìtì dáhùn, "Tí nǹkan bá ṣe é, èmi ni kó o bi." Ó fi gbogbo ẹnu sọ ọ́, bó ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ òrùka rẹ̀.

Téèpù wọlé. Rìbìtì dúró ti àpótí fóònù lẹ́nu kòtò tí wọ́n ń gbà sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò. Baba Pọ́ǹpù dúró nídìí àwọn ẹ̀rọ rẹ̀, ó na ọwọ́ sí ọ̀kan, ó pa á.

"Ṣé ó ń mí?"

"Ó ń mí."

Ó pa òmíràn. Wọ́n dúró. Rìbìtì pè. Ó ń mí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ, ariwo ẹnu kòtò sì ń dínkù bí ìgbà tí èrò ń tú kúrò nínú ilé. Wáyà fóònù yẹn ti gbómi sára. Ohùn tó bá gba inú rẹ̀ wá máa ń tín-ín-rín bíi ti eṣinṣin tó há sínú ìgò. Ìbéèrè kan náà ni, èsì kan náà ni. Rìbìtì ò tiẹ̀ fi fóònù mọ́ etí dáadáa mọ́. Ó ń fọwọ́ kejì júwe fún awakọ̀ kan tó fẹ́ gbé ọkọ̀ síbi tí kò yẹ.

Ó ku pọ́ǹpù kan.

"Ṣé ó ń mí?" ó wí.

Ohùn Téèpù dé. "Ó ń mi," ni wáyà gbé wá, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tẹ́ pẹrẹsẹ, kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀. Rìbìtì gbọ́ ohun tó ń gbọ́ láràárọ̀.

"Jẹ́ kó máa mí," ó wí. "Òkú ni kì í mí."

Ó dà bíi pé ohùn náà ṣì ń sọ nǹkan bó ṣe ń gbé fóònù kọ́. Ó juwọ́ sí Baba. Baba pa èyí tó kù.

Ibẹ̀ wá dákẹ́. Wọn ò mọ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ rí. Èèyàn lè gbọ́ odò. Baba Pọ́ǹpù ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó pa nǹkan tó ní ẹ̀mí. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan dún nísàlẹ̀, kọ́, bí ìgbà tí òmìrán bá ṣẹ́ ìka. Ó tún dún. Bóòtù ló ń já.

Rìbìtì ò rántí bó ṣe gba orí àkàbà sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò. Ó ń sáré nínú ihò, ikùn rẹ̀ ń jó níwájú rẹ̀, akoto ti bọ́ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ lókè, ó ń gbọ́ bí pọ́ǹpù ṣe ń jí lọ́kọ̀ọ̀kan. Baba ò dúró kí ẹnikẹ́ni ran òun níṣẹ́. Iná ṣì ń tàn. Omi wà nílẹ̀, iyanrìn wà nínú omi náà, ó sì ń tú jáde lára ògiri bí ìgbà tí wọ́n gún àpò. Nígbà tó dé àárín, ó rí àwọn òrùka tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò. Wọ́n ti tẹ̀. Ọmọdé tó bá wò wọ́n á mọ̀. Oríkèé wọn ti lanu, ègé kan láti òkè ti yọ̀ wálẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ni ẹsẹ̀ Téèpù wà.

Irin gbọọrọ kan wà nílẹ̀. Ó tì í bọ abẹ́ kọnkéré, ó fi gbogbo ara rìbìtì rẹ̀ jókòó lé e. Kọnkéré náà gbéra, kò gbéra púpọ̀, ó sì fi ọwọ́ kan fa ọmọkùnrin náà jáde.

"Bùọ̀dá," Téèpù wí. Ojú rẹ̀ funfun bí eérú. "Mo ní ó ń mì."

"Mo gbọ́," Rìbìtì wí. "Dákẹ́."

Ó pọ̀n ọ́n. Omi ti dé orúnkún kí wọ́n tó rí ẹnu kòtò, pọ́ǹpù Baba sì ti ń borí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Téèpù ń mí sí i lọ́rùn gbogbo ọ̀nà, ó ń mí, ó ń mí, Rìbìtì ò sì fẹ́ gbọ́ nǹkan mìíràn.

Ẹsẹ̀ náà ò ṣeé tún ṣe. Àwọn dókítà gé e láti orúnkún. Nígbà tí Téèpù lajú, ó bẹ nọ́ọ̀sì pé kó bá òun mú téèpù òun wá, kóun wọn èyí tó kù. Nọ́ọ̀sì náà jáde lọ sunkún.

Nígbà tí Rìbìtì tún wá, ọ̀sán ni, ó gbé ọsàn dání nínú ọ̀rá. Yàrá náà gùn, bẹ́ẹ̀dì tò lọ bẹẹrẹ, ti Téèpù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìyàwó Rìbìtì jókòó tì í. Láti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, kò tíì sùn sílé. Ó gba ọsàn, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá wọn. Ẹ jókòó." Rìbìtì ò jókòó.

"Ẹnjiníà ní o sọ pé 'mì' lo wí."

"'Mì' ni mo wí," Téèpù wí.

"'Mí' lo wí. Ó ń mí. Bó o ṣe ń wí láràárọ̀."

"Òrùka ń gbọ̀n lókè orí mi bí ẹni tí ibà mú. Kí ni mo fẹ́ máa sọ pé ó ń mí fún? Ṣé mo ń kí i ni?"

"Tó bá jẹ́ 'mì' ni, kí ló dé tó ò fi 'tìtì' sí i? Ó ń mì tìtì. Ta ló lè ṣi tìtì gbọ́?"

"Mo fi tìtì sí i, Bùọ̀dá. Kí n tó dé ibi tìtì, ẹ ti gbé fóònù kọ́."

Ìyàwó rẹ̀ gbójú sókè. "Bàbá wọn, ṣé ó ṣì ń sọ̀rọ̀ nígbà tẹ́ ẹ gbé e kọ́?"

"Wáyà ló ń pariwo. Wáyà yẹn kì í dákẹ́."

Obìnrin náà mú fóònù tirẹ̀ jáde nínú báàgì, ó gbé e fún àbúrò rẹ̀. "Ẹ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ," ó sọ fún ọkọ rẹ̀. "Ẹ lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Kó pè yín. Ohun tẹ́ ẹ bá gbọ́, ẹ wí i sókè."

Rìbìtì lọ. Ó lọ pẹ̀lú ayọ̀, nítorí kò bẹ̀rù ìdánwò. Ó dúró ní igun kan tí wọ́n to garawa sí, fóònù létí, àwọn aláìsàn tó ń kọjá sì ń wò ó.

"Ó ń mì," Téèpù wí jẹ́jẹ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Mì!" Rìbìtì ké láti ọ̀nà jíjìn.

"Ó ń mí."

"Mí!"

"Ó ń mì."

"Mì! Má wulẹ̀ ṣe ara ẹ ní wàhálà!"

Bàbá àgbà kan tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ní, "Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀. Gbogbo ẹ̀ ló gbà." Rìbìtì padà wọlé, òógùn ń ṣàn létí rẹ̀, ó sì na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ṣí aṣọ lójú nǹkan.

"Ṣẹ́ ẹ rí i? Etí mi ò láìsàn. Tó bá wí 'mì', 'mì' ni mò ń gbọ́. Lọ́jọ́ yẹn, 'mí' ni mo gbọ́. Ó já sí pé 'mí' ló wí."

"Etí yín ò ṣe nǹkan kan," ìyàwó rẹ̀ wí. "Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn."

Rìbìtì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn etí rẹ̀.

"Mi ò bá yín jà, Bàbá wọn. Ẹ̀yin lẹ wọlé lọ gbé e, mo mọ̀, mi ò ní gbàgbé láé. Ohun kan péré ni mò ń fẹ́. Ẹ wò ó lójú, kẹ́ ẹ sọ fún un pé, 'Mi ò dúró gbọ́.' Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sọ ọ́, màá di ẹrù mi, ká jọ lọ sílé nísinsìnyí. Tẹ́ ẹ ò bá lè sọ ọ́, tí wọ́n bá dá a sílẹ̀ níbí, ilé bàbá wa ni mò ń gbé e lọ, ibẹ̀ lèmi náà á wà."

Téèpù yíjú sí fèrèsé, ó fẹ́ kó rọrùn fún un.

Rìbìtì la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà kúrú, ó wà níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ètè. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí bùláńkẹ́ẹ̀tì, sí ibi tó ti dé orúnkún tó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, tí kò sí nǹkan kan lábẹ́ ẹ̀ mọ́. Ó mí kanlẹ̀. Tóun bá sọ ọ́, ta ló wá ṣe èyí?

"Ẹ jẹ́ n bi yín léèrè," ó wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Àbúrò, ìwọ náà gbọ́. Nígbà tí mo gbọ́ tí bóòtù já, kí ni mo ṣe? Mo sáré. Ṣé mo dúró? Mi ò dúró. Mo sáré wọnú omi láìní akoto. Ẹni tó lè sáré báyẹn, ṣé wọ́n á sọ fún un pé ihò ń mì, tí ìwọ wà nínú ẹ̀, kó wá dúró máa dápàárá? Kò lè ṣẹlẹ̀. Ká ní 'mì' lo wí ni, mi ò bá ti sáré. Mi ò sáré. Torí náà, 'mí' lo wí."

Ìyàwó rẹ̀ na ọwọ́, ó tẹ́ etí bùláńkẹ́ẹ̀tì náà dáadáa. Téèpù ń wo ìta. Bàbá bẹ́ẹ̀dì kejì ti fi aṣọ borí.

"Ẹ rí i báyìí," Rìbìtì wí. "Kò sí èsì."

Ó gbé fìlà rẹ̀ dé. Ó kí bàbá tó fi aṣọ borí, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ó yí ọ̀rọ̀ náà wò lọ́kàn, ó wò ó lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì, kò rí ibi tí ẹnikẹ́ni lè gbà dá a lẹ́bi. Ó rọra ń rìn, kí wọ́n lè rí i pè padà tí wọ́n bá ti ṣe tán láti gbà pé òun ló jàre. Ó dúró ṣe okùn bàtà tí kò tú. Ó tún rìn. Ó dé ẹnu géètì, kò sẹ́ni tó pè é, ó sì mi orí bí ẹni tí wọ́n ti bẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹjọ́ lẹ́nu, ó ní, kì í dákẹ́ báyẹn. Ó bọ́ sí títì, ó forí lé ilé.